Ọdún Tí Oòrùn Ọ̀sán Kò Jẹ́ Ká Kà Tán

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Sìmẹ́ǹtì, irin, ìṣó àti ọ̀dà ni mo ń tà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Fọ́tò yíyà kàn jẹ́ ohun tí mo fi ń dá inú ara mi dùn, kì í mú kọ́bọ̀ wọlé. Oṣù kejì ọdún ni, oòrùn ń mú ganrínganrín. Àwọn mẹ́ta wọlé láti ilé kan ládùúgbò wa: Bàbá tó jẹ́ Dáódù ilé náà, àbúrò wọn obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́gùúsí, àti ọmọ Bàbá kan tó ti Adó dé. Wọ́n fẹ́ kun ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì bàbá wọn kí ìrántí ìyá wọn tó kò nínú oṣù kẹjọ. Wọ́n ka ohun tí wọ́n ń fẹ́ fún mi: ọ̀dà funfun garawa mẹ́fà, pupa méjì fún ìsàlẹ̀ ògiri. Mo ń ṣírò owó lọ́wọ́ ni Bàbá fi kún un pé pẹ́ńtà á tún bá àwọn kọ ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà padà sí orí ilé lókè, níbi tó wà tẹ́lẹ̀.

"Ọdún wo ni kí wọ́n kọ, Bàbá?"

"1955."

"Ẹ̀gbọ́n mi, 1955 kẹ̀?" Ìyá Ẹlẹ́gùúsí ò tiẹ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà délẹ̀.

Bàbá ní kò sí àníàní níbẹ̀: ọdún tí Awólọ́wọ̀ sọ ilé ìwé di ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kìn-ín-ní 1955, òun sì ru iyẹ̀pẹ̀ fún bíríkìlà lọ́dún yẹn. Ìyá ní irọ́ ni. Inú ilé yìí ni wọ́n bí òun sí, òun sì ti ń sáré kiri ojúde kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó dé. Wọ́n pe àbúrò Bàbá tó wà l'Ékòó sórí fóònù, wọ́n gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i. Ó ní 1956 ni, ọdún tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà, wọ́n pín àsíá fún wọn ní ilé ìwé, òun gbé tòun délé, òun fi í há ẹnu fèrèsé òkè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe.

Ohun kan ṣoṣo tí ẹnu wọn kò lórí ni pé ọdún wà níbẹ̀ lóòótọ́. Sìmẹ́ǹtì ni bíríkìlà fi mọ ọ́n, ó yọ síta lára ògiri. Ibo ló wá gbà lọ?

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìsàlẹ̀ káńtà. Ní bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, wọ́n kun ilé náà. Pẹ́ńtà tó gba iṣẹ́ fẹ́ kí ògiri jọ̀lọ̀ bí ojú dígí, ló bá fi ẹfun tí wọ́n fi ń dí ihò ògiri lẹ gbogbo iwájú ilé náà bámúbámú, ó wá fi ọ̀dà bò ó. Ẹfun náà àti ọ̀dà náà, èmi ni mo tà á fún un. Mo tiẹ̀ dín owó rẹ̀ kù.

Mo ní kí wọ́n má tíì jẹ́ kí pẹ́ńtà kọ nǹkan kan. Mo ní mo ní fọ́tò ilé yẹn nílé.

Ẹni tó bá mọ̀ mí ládùúgbò kò ní yà á lẹ́nu. Láràárọ̀, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn jáde. Canon àlòkù ni, rọ́bà ibi tí ọwọ́ ń dì mú lára rẹ̀ ti ṣí, gọ́ọ̀mù ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Ní ìlú wa, kò sí ibi téèyàn kọjú sí tí kò ní rí àpáta. Olósùnta nìkan, fọ́tò rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi lé ní irínwó, ojú kan náà ni mo sì ti ya gbogbo wọn, torí ara òkúta yẹn kì í dúró sí àwọ̀ kan. Lẹ́yìn òjò, a dúdú bí ìdí ìkòkò, omi a máa ṣàn sílẹ̀ lára rẹ̀ bí òwú funfun. Nígbà ọyẹ́, orí rẹ̀ a parẹ́ pátápátá, a ku ìsàlẹ̀. Ìyàwó mi ní ọjọ́ tí òkúta náà bá sọ̀rọ̀ ni kí n tó pe òun wá wò ó.

Ohun kejì tí mo ń kó jọ ni ọdún ara ilé. Nígbà tí owó kòkó dé ọwọ́ àwọn bàbá wa, ilé alápẹẹrẹ ti àwọn Àgùdà, àwọn tó ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà dé, tó wà l'Ékòó ni wọ́n ń kọ́: òpó rìbìtì níwájú, òdòdó sìmẹ́ǹtì lórí fèrèsé, ògiri iwájú á wá yọ kọjá òrùlé lókè bí adé. Ibi adé yẹn ni wọ́n ń kọ ọdún sí, nígbà mìíràn pẹ̀lú orúkọ tàbí ẹsẹ Bíbélì. Mo ti ya mọ́kàndínláàádọ́rin nínú rẹ̀, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀, dé Ẹ̀fọ̀n, dé Ìkọ̀lé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ń dùn mí. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba wa, ti kúrò ní Ìkẹ́rẹ́ láti 1924 tí wọ́n ti gbé e lọ síbi ìpàtẹ ní Wembley. British Museum ló wà dòní, àga ọba tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè gbé orí ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì lọ Wembley. Ọ̀dà ló ń pa tiwa.

Mo délé, mo ṣí kọ̀ǹpútà. Fọ́tò mẹ́rìnlá ni mo ní nípa ilé náà. Mo fẹ̀ wọ́n lójú, mo fa dúdú wọn jìnnà sí funfun títí àwòrán fi ń họ bí ara ẹja. Ipa búrọ́ọ̀ṣì pẹ́ńtà ni mo rí, àti alángbá kan. Nígbà tó di ọjọ́ kejì mo lọ síbẹ̀ láàárọ̀, mo tún lọ lọ́sàn-án, mo tún lọ nírọ̀lẹ́. Bákan náà ni gbogbo rẹ̀ rí: ògiri funfun tó tẹ́ bẹẹrẹ, kò ní òjìji, kò ní nǹkan kan.

Ìyá Ẹlẹ́gùúsí jókòó síwájú ilé, ó ń pa ẹ̀gúsí sínú àtẹ. Ó ti wò mí tó ìgbà mẹ́ta kó tó sọ̀rọ̀.

"Kí lò ń wá lókè yẹn gan-an?"

"Oòrùn ni, Ìyá. Mò ń dúró kí oòrùn dé ara ògiri."

Ó rẹ́rìn-ín. "O ò ní rí i. Oòrùn kì í dé iwájú ulé yìí lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. O ò rí i pé ibí ni mo ń jókòó látàárọ̀ ṣúlẹ̀? Ìgbà òjò ló máa ń wo ibí, ìgbà yẹn ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbé ẹ̀gúsí mi sá sí."

Mo dúró pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́wọ́. Mo ti ń ya ilé yìí láti ọdún márùn-ún, n kò kíyè sí i rí. Mo yọ fóònù, mo wo atọ́nà rẹ̀: àríwá ni ilé náà kọjú sí.

Ọ̀rọ̀ Ìyá tọ̀nà délẹ̀délẹ̀, ohun tó sì fà á nìyí. Láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kejì, apá gúúsù ni oòrùn máa ń gbà kọjá lórí wa, nítorí náà ògiri tó kọjú sí àríwá kì í rí i rárá, láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni oòrùn á máa sún bọ̀. Ní Ìkẹ́rẹ́, ní bí ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, yóò wà ní àtàrí wa gan-an lọ́sàn-án, lẹ́yìn náà yóò rékọjá sí apá àríwá, kò sì ní padà kọjá orí wa títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Nínú oṣù márùn-ún yẹn, bí oòrùn ọ̀sán bá ń bọ̀ látòkè, ńṣe ló máa ń rá kọjá lára ògiri àríwá bí ẹni ń yọ́ sọ̀kalẹ̀. Irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni onífọ́tò tó fẹ́ ka ohun tó ti parẹ́ ń wá. Ìmọ́lẹ̀ tó bá dojú kọ ògiri a máa pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Èyí tó bá fẹ̀gbẹ́ rá kọjá lára rẹ̀, bí nǹkan bá yọ síta bí èékánná, á ju òjìji sílẹ̀. Ní ìparí oṣù karùn-ún, òjìji ohun tó yọ síta ní mìlímítà méjì á gùn tó mẹ́jọ lọ́sàn-án. Ilé tó bá ní ìgbátí òrùlé lókè ibẹ̀ kò lè jẹ àǹfààní yìí, torí ìgbátí á bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n adé ilé ti yọ kọjá òrùlé, kò sóhun tó ṣíji bò ó.

Mo lọ bẹ Bàbá pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dúró di ìgbà òjò. Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò fẹ́ ta ọjà.

Dídúró yẹn kò rọrùn. Oṣù kẹrin dé, ìkùukùu náà dé. Bí mo bá ti gba àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé òkè ilé òdìkejì, tí mo to ẹsẹ̀ mẹ́ta kámẹ́rà sórí báńkóní wọn, ojú ọ̀run á ṣú. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo lọ lásán. Ìyálé ilé yẹn ti ń gbé iyán fún mi bí ọmọ ilé. Àárín ọ̀sán tí mo ń sọ yìí kì í sì í ṣe aago 12 ti agogo ọwọ́ wa. Ní ọ̀dọ̀ wa, nínú oṣù karùn-ún, nǹkan bí aago 12:36 ni oòrùn máa ń gun òkè tán.

Ọjọ́ ìsinmi kan ní ìparí oṣù náà, òjò ti rọ̀ lóru, ojú ọ̀run wá mọ́ roro. Mo ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú agbádá. Ní aago 12:20, ògiri náà ṣì funfun. Ní 12:30, mo rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí irun, lẹ́yìn náà òmíràn. Wọ́n ń yọ bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí fọ́tò àtijọ́ bá ń jáde nínú omi lábẹ́ iná pupa. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo ya ọgọ́ta ó lé díẹ̀ láàárín ogún ìṣẹ́jú.

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: 9 kan, 5 kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níwájú 9, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn 5. Nísàlẹ̀ wọn, ìlà lẹ́tà kan tó já sí wẹ́wẹ́.

Mo gbé e lọ han ẹbí nírọ̀lẹ́. Ó yẹ kí n ti mọ̀. Bàbá wo ibi tó ṣófo lẹ́yìn 5, wọ́n rí 5 níbẹ̀. Wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ sí àbúrò wọn l'Ékòó, òun rí 6. Ọmọ Bàbá tó ti Adó dé ní àmì kan wà níbẹ̀ tó jọ 3. Ìyá Ẹlẹ́gùúsí nìkan ló sọ òótọ́: "Èmi ò rí nǹkan kan níbẹ̀."

Mi ò sùn dáadáa lóru yẹn. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo fi ọ̀rọ̀ ọdún sílẹ̀, mo dojú kọ ìlà ìsàlẹ̀. Láàárín, mo rí OLUWA, L rẹ̀ ku ẹsẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n ó kà. Ṣáájú rẹ̀, igi kan dùbúlẹ̀, ó jọ orí T. Lẹ́yìn rẹ̀, ìlà kan tó dagun, tí mo ti rò pé ògiri ló sán. Níparí, ẹsẹ̀ L mìíràn, àti ìlà mẹ́ta tí wọ́n tò léra wọn, bí E tí kò ní ẹ̀yìn. T, OLUWA, ìlà tó dagun, LE. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, Sáàmù kẹrìnlélógún kò ṣàjèjì sí mi: TI OLUWA NI ILE.

Ibo ni àwọn I wà? Mẹ́ta ló yẹ kó wà níbẹ̀, kò sí ọ̀kan. Mo tún wò ó: kò sí igi kankan tó dúró ṣánṣán nínú gbogbo ìwé náà. Gbogbo ohun tó hàn ló dùbúlẹ̀, tàbí tó tẹ̀. Oòrùn látòkè ni; ohun tó bá dùbúlẹ̀ lọ́nà rẹ̀ á ju òjìji, ṣùgbọ́n ohun tó bá dúró ṣánṣán, tí òun àti ìmọ́lẹ̀ jọ gba ọ̀nà kan náà, àtòkè délẹ̀, òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìsàlẹ̀ nìkan ló máa ní. Nọ́ńbà tó wà níwájú 9, gbogbo wa mọ̀ pé 1 ni, síbẹ̀ kò hàn. Kí wá ni èyí tó wà lẹ́yìn 5, tí òun náà kò hàn?

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo po sìmẹ́ǹtì ìwọ̀n ife kan, mo fi mọ 1 àti 5 sórí pákó, mo fi ẹfun àti ọ̀dà kan náà kùn ún. Nígbà tó gbẹ, mo gbé e sínú oòrùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Bí mo gbé pákó náà kí ìmọ́lẹ̀ ti orí wá, 5 yọ, 1 lọ. Bí mo yí i kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ wá, 1 dúró bí òpó iná. Ọmọ tó ń bá mi ta ọjà ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe tó ìgbà mẹ́wàá, àwọn oníbàárà ń dúró.

Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ la wá nílò. Oòrùn àárọ̀ ì bá ṣe é, nínú oṣù yẹn ó máa ń yọ láti apá ibi tí á fi lè rá kọjá lára ògiri náà láti ìlà oòrùn, ṣùgbọ́n ilé alájà méjì kan ti wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, kì í jẹ́ kó kọjá. Tọ́ọ̀ṣì ló kù. (Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò ti lo tọ́ọ̀ṣì látoṣù kejì, kí n má da ara mi láàmú pẹ̀lú oòrùn. N kò ní èsì. Kò wá sọ́kàn mi ni.) A dúró di alẹ́ tí kò sí iná mànàmáná ládùúgbò, ohun tí kì í pẹ́ dé ní ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù mi gun àkàbà, ó di tọ́ọ̀ṣì mọ́ orí ọparun, ó nà án sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ògiri títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Èmi wà lórí báńkóní òdìkejì, mo ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ọmọ náà sín, ìmọ́lẹ̀ gbọ̀n, fọ́tò bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta jáde.

1951. Igi méjì dúró, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Àwọn I mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà dé ipò wọn. Mo pe Bàbá kí wọ́n wá wò ó lójú kámẹ́rà. Wọ́n gun àtẹ̀gùn òdìkejì náà wá pẹ̀lú ọ̀pá, Ìyá Ẹlẹ́gùúsí tẹ̀ lé wọn.

"Ọdún tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ nìyẹn," ni Bàbá sọ. Ọdún mẹ́rin ṣáájú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ìyá ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Bàbá ní kí n fẹ ìlà ìsàlẹ̀. Mo fẹ̀ ẹ́. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n yọ díńgí ojú wọn, wọ́n tún fi í sójú. Nígbà náà ni èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i: N inú NI, òdì ló kọjú sí. Ìlà tó dagun yẹn, láti òkè apá ọ̀tún ló ti wá sí ìsàlẹ̀ apá òsì.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé wọ́n di irin báńkóní mú. "Èmi ni mo kọ ọ́!" Bíríkìlà náà kò mọ̀wé. Bàbá wọn ní kí ọmọ tó wà ní ilé ìwé kọ ọ́ sí bébà, kí bíríkìlà máa wò ó mọ ọ́n. Ọmọ ọdún méje ni wọ́n, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìwé kìíní, bàbá wọn ló ń san owó ilé ìwé náà. "Tíṣà mi nà mí títí nítorí N yẹn." Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n rù lọ́dún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ńkọ́? Wọ́n ronú fún ìgbà díẹ̀. Ó lè jẹ́ ti ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé.

Pẹ́ńtà tuntun ti kùn ún báyìí. Mo kọ̀, n kò ta ẹfun ìdíhò fún wọn. Mo ní kó fi ọ̀bẹ ha ti àtijọ́ kúrò lára lẹ́tà náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe é, ó ń kùn sí mi. Ìkọ̀wé náà pupa, ògiri funfun, èèyàn lè kà á láti ìta láìka àsìkò sí. Ọmọ Adó fẹ́ kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì tún N náà mọ kó kọjú síbi tó yẹ, kí àlejò má fi wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ìrántí. Bàbá ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án kò ní jogún nǹkan kan. Àbúrò wọn l'Ékòó ṣì dúró lórí 1956, ó ní òun kò jiyàn pé wọ́n kọ́ ọ ní 1951, ṣùgbọ́n fèrèsé òkè ńkọ́? Ó sì lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ, torí igi fèrèsé òkè àti tìsàlẹ̀ kò jọra. Mo ti yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ńbà àádọ́rin ni mo fi ilé náà sí nínú àkójọ mi. Owó ọ̀dà pupa garawa méjì ṣì wà lọ́rùn wọn.